Ọkọ́ àti Àgbá: Báwo Ló Ṣe Yẹ Ká Máa Rántí Àgbẹ̀ Tó Jagun?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Tí àgbẹ̀ kan bá fi ọkọ́ sílẹ̀, tó lọ sójú ogun, tó yin àgbá lu àwọn tí kò rí rí, tó sì padà wá sí oko rẹ̀, tó ń kọ ebè títí ọlọ́jọ́ fi dé, èwo nínú ayé rẹ̀ ni ká máa rántí? Ṣé sójà ni ká pè é, àbí àgbẹ̀? Tí a bá sì ń rántí rẹ̀, ṣé dandan ni ká máa yìn ín?

Ní Ardwick níbí, ní Manchester, ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ìrìn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yìí mọ Ardwick Green, ọgbà kékeré tí kò jìnnà sí Apollo, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tò tí olórin ńlá bá wá. Inú ọgbà yẹn ni òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun 8th (Ardwick) Battalion ti Manchester Regiment wà. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ogun nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914 wọ́n kó wọn lọ sí Íjíbítì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1915 wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà sílé. Òkúta yẹn ń ṣe ohun tí òkúta lè ṣe: ó ń sọ fún wa pé wọ́n lọ, àti pé wọ́n kú. Ó dákẹ́ lórí iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀, ẹni tó ń dúró dè é nílé, àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kó tó kú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta yìí kọjá lọ síbi iṣẹ́, lọ sí ọjà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì kí i pé kí lo wí. A máa ń rò pé ti òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà lọ o.

Nínú ogun àgbáyé kejì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, bíi 90,000 ọkùnrin láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà ni wọ́n kó kọjá òkun lọ sí Éṣíà láti bá àwọn ará Japáànù jà ní Bọ́mà. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni wọ́n pín wọn sí: 81st Division, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943, àti 82nd Division, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ẹ wo àmì tí àwọn 82nd ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn: ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká o! Òṣùká kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń ru omi, tí àwọn bàbá wa fi ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Ẹni tó yan àmì yẹn mọ̀ pé orí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ogun náà gùn dé Bọ́mà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀kan nínú wọn. N kò ní fún un lórúkọ, torí ó lè jẹ́ bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú wa. Àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan tó jìnnà sí títì. Ó lè jẹ́ pé owó oṣù ló fà á lọ, ó lè jẹ́ pé baálẹ̀ ló ní kó lọ, ó sì lè jẹ́ pé aṣọ sójà ló wù ú. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé ó lágbára, wọ́n fi í sídìí àgbá, ìbọn ńlá tó ń ju ọta sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbá tí wọ́n lò níbẹ̀ ni 3.7-inch howitzer. Ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é kó ṣeé tú palẹ̀ sí ẹrù mẹ́jọ, kí ìbaaka lè gbé e gun òkè. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan níbi tí 81st ti jà, kò sí títì tí mọ́tò lè gbà wọlé. Àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ló la ọ̀nà bíi máìlì 75 gba àárín àwọn òkè, ọ̀nà tí wọ́n sọ ní West African Way. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Tí ẹrù bá ti balẹ̀, orí èèyàn ló kù tó máa rù ú.

Ọta àgbá yẹn kan wúwo tó kílò 9, ó sì lè fò ju máìlì mẹ́ta lọ kó tó balẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ebè tó bá kọ láàárọ̀, ó ń wò ó nírọ̀lẹ́. Èèbù tó bá rì, òun ló máa wà á. Tó bá ṣi ilẹ̀ yàn, ebi á sọ fún un. Kò sí iṣẹ́ kankan tí èrè ọwọ́ ẹni ti ń tètè wá báni nílé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nídìí àgbá kò rí irú ẹ̀. Ẹlòmíì ló jókòó sórí òkè pẹ̀lú awò tó ń fà ohun tó jìnnà mọ́ra, òun ló ń rí ibi tí ọta ń bọ́ sí, òun ló ń ránṣẹ́ padà pé ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ yí i sí ọ̀tún. Àwọn tó wà nídìí àgbá ń gbọ́ nọ́ńbà, wọ́n ń yí ìbọn, wọ́n ń ki ọta bọ̀ ọ́, ó ń dún gbòlà. Lẹ́yìn náà, èéfín, a tún ki òmíràn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbìn wá di ẹni tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wó.

Ṣé ó jẹ̀bi? Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí a máa ń fi gbèjà irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ọ̀gá ló pàṣẹ, ìjọba ló kó o lọ, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Òwe yẹn tù wá lára, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ láti abúlé ilẹ̀ Yorùbá kò bá ẹnikẹ́ni ní Bọ́mà jà rí. Bóyá kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àmọ́ òwe kan kì í dá ẹjọ́. Àwọn àgbà yìí kan náà ló sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ẹ̀ẹ̀yàn á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí òwe kejì yìí ń sọ. Ó gbà pé iṣẹ́ ẹrú wà láyé, ó gbà pé wọ́n lè fi ipá rán èèyàn. Síbẹ̀ kò gbà pé rírán tí wọ́n rán an ti gba gbogbo làákàyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ ẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe àkọ́kọ́ ń bèèrè pé, ta ló rán ẹ? Ìkejì ń bèèrè pé, báwo lo ṣe jẹ́ ẹ? Ẹni tó bá fẹ́ rántí àgbẹ̀ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ bèèrè méjèèjì.

A kì í sábà bèèrè wọn, torí ìyìn ti gba ipò ìrántí lọ́wọ́ wa. Akọni ni wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀mí wọn jì fún wa. Ó dùn létí, ó sì yá láti sọ. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ìyìn máa ń bo gbèsè méjì mọ́lẹ̀: gbèsè tí wọ́n jẹ ọkùnrin náà, àti gbèsè tí òun náà jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí wọ́n jẹ ẹ́ ṣáájú. Owó tí wọ́n ń san fún ọmọ ogun Áfíríkà kéré gan-an sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà lójú ogun kan náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Japáànù túúbá, Kwame Nkrumah, George Padmore, Jomo Kenyatta, W. E. B. Du Bois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn péjọ sí gbọ̀ngàn ìlú Chorlton-on-Medlock, fún Àpérò Karùn-ún ti àwọn Adúláwọ̀ gbogbo àgbáyé. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Ardwick Green débẹ̀ láì tíì rẹ̀ ẹ́. Iwájú ilé náà ṣì dúró títí dòní. Wọ́n ń bèèrè òmìnira níbẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ṣì wà ní Éṣíà, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn wálé. Nígbà tí wọ́n délé, ìlérí pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti jagun rí wọ́de ní Accra láti lọ fún gómìnà ní ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ogun Bọ́mà kò pa wọ́n, ẹ̀bẹ̀ ló pa wọ́n.

Àwọn tó kú sójú ogun náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba, Commonwealth War Graves Commission, gbé ìròyìn jáde nípa ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Wọ́n gbà fúnra wọn pé àwọn tí wọ́n kò rántí bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù wà láàárín 45,000 sí 54,000, àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò rántí rárá, ó kéré tán 116,000 ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ alárù. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó á rántí Sójà Ìdúmọ̀tà. Èèyàn méjì tí wọ́n fi idẹ ṣe ló wà níbẹ̀ nígbà kan rí, sójà kan àti alárù kan. Ẹnu wa gbé sójà, ó fi alárù sílẹ̀. Àwa náà ṣe é.

Ìdí rèé tí ìyìn kò fi tó. Ìyìn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. A lè fi òdòdó pupa sáyà lọ́dọọdún, ká sì máa jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ní owó.

Gbèsè kejì ló le, torí ojú máa ń tì wá láti dá a sọ. Ta ló wà níbi tí ọta àgbá yẹn balẹ̀ sí? Ọmọ ogun Japáànù wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àfonífojì Kaladan kì í ṣe pápá tó ṣófo. Àwọn abúlé wà níbẹ̀, oko ìrẹsì wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀.

A mọ̀ wọ́n nítorí ọmọ Yorùbá kan tó gbé láàárín wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ sójà lọ́dún 1942. Kò sí nídìí àgbá, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta dá a lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan ní ìtòsí ibẹ̀, Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, tó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀. Wọ́n wà ní ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn. Tí àwọn ará Japáànù bá mọ̀ ni, Shuyiman àti ìdílé rẹ̀ ò bá ti kú. Fadoyebo kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2011 oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú.

Ẹ wo Shuyiman dáadáa. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Kò wọ aṣọ sójà. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni, tó rí àjèjì tó ń kú lọ, tó sì ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ èèyàn ṣe. Irú ẹni tí ọta àgbẹ̀ tiwa lè bọ́ sórí òrùlé rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ogun parí, àgbẹ̀ tiwa wálé, àwọn tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ogun ti tú. Lọ́dún 2017, ó lé ní 700,000 àwọn Mùsùlùmí Rohingya tí wọ́n lé kúrò ní Arakan lọ sí Bangladesh. Ẹni tó bá ní òun ń rántí ogun Bọ́mà, tí kò rántí àwọn tí wọ́n ja ogun náà lórí ilẹ̀ wọn, ìdajì ìtàn ló dì mú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre. Bàbá délé kò sọ nǹkan kan títí ó fi kú, kí ló dé tí ẹ fẹ́ tú u wò? Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó rí ohun tó burú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Òun dákẹ́ nítorí ó mọ̀. Àwa ń dákẹ́ nítorí a ò fẹ́ mọ̀. Tí kò bá sọ ọ́, ká rántí pé kò sọ ọ́. “Ó lọ sí Bọ́mà, ó dé, a bi í, ó ní ká jẹ́ kóun lọ sóko.” Ìrántí tó pé nìyẹn. Ohun tí kò dáa ni ká fi ìtàn akọni tí a gbọ́ níbòmíràn dí àlàfo tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹlòmíì á ní ogun òyìnbó ni, kò kàn wá. Ó kàn wá, nítorí ọwọ́ tiwa ló fi jà á. Ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe, ì báà jẹ́ lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíì, ó ti wọ ìtàn ilé wa.

Báwo wá la ṣe máa rántí rẹ̀ láì purọ́? Mo rò pé ohun tí a nílò ti wà nílé wa tipẹ́, oríkì ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lókè òkun ti sọ oríkì di ìyìn ọjọ́ ìgbéyàwó, tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Oríkì máa ń dárúkọ àlébù, ó máa ń dárúkọ ìṣẹ́, ó máa ń dárúkọ ìjà tí bàbá ńlá ẹni jà àti ẹni tó ṣẹ̀. Oríkì Oníkòyí kò fi ogun àti ikú pamọ́ fún àwọn ọmọ jagunjagun. Ọmọ tí wọ́n bá ń kì ń gbọ́ ohun tó dára àti ohun tí kò dára nínú èémí kan náà, orí rẹ̀ ń wú, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ilé tí wọ́n bí òun sí kì í ṣe ilé áńgẹ́lì. Òkúta Ardwick Green kò lè ṣe èyí. Àyè kò sí lára òkúta. Ẹnu èèyàn ló ní àyè.

Ní ìlú yìí, tí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́, ilé ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ nípa ogun. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ rẹ pé ṣé ẹnì kan nínú ìdílé yín jagun rí, kí ni ọmọ náà máa sọ? Ó lè sọ pé, “Bàbá ńlá mi jẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n kó o lọ sí Bọ́mà, ó ru àgbá lórí, ó sì yìn ín lu ibi tí kò lè rí. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kò san ohun tó tọ́ sí i fún un. Ó padà sóko.” Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè sọ ọ́, yóò sì yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí èébú.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè sọ ọ́, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn tó lọ fúnra wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní abúlé ti di arúgbó. Wọ́n mọ àpò onírin tó wà lábẹ́ ibùsùn, wọ́n mọ orin èdè Haúsá tí bàbá máa ń kọ tó bá mu ẹmu, wọ́n mọ ọjọ́ tó ta jìgì nítorí pé àrá sán. Owó káàdì fóònù kò wọ́n mọ́. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye àwọn tí bàbá pa. Ẹ bi wọ́n pé, lọ́dún tí bàbá dé láti Bọ́mà, kí ló gbìn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oko, kí ẹ sì dúró gbọ́ ibi tí wọ́n bá bá a dé.